Bí ‘May Not’ Ṣe Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gba Ìyàwó Lọ́wọ́ Mi

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní èdè òyìnbó kí n tó mọ̀ pé èmi gan-an ò gbọ́ ọ. Kì í ṣe pé mi ò lè sọ ọ́ o. Bí mo bá ṣí i sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, awakọ̀ á fi dígí wo ẹ̀yìn kó lè mọ irú ẹni tó gbé. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ọ̀tọ̀ ni kí èdè máa jáde lẹ́nu èèyàn, ọ̀tọ̀ ni kó yé e.

Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo kà níwèé. Abúlé kan ní apá Ọ̀nà-Àrà ni wọ́n bí mi sí, níbi tí àwọn òbí mi ti ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Nígbà tí mo sì wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ náà ni wọ́n tún fún mi. Bí mo ṣe jáde, mo wá iṣẹ́ lọ sí ilé ìwé aládàáni kan ní Adégbayì. Ìyá tó ni ilé ìwé náà wà lẹ́yìn tábìlì, wọ́n ń fi ìwé fẹ́ ara wọn nítorí ooru. Wọ́n bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo fẹ́ ṣe. Mo kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, mo ní, “I would have loved to teach Agric, ma.”

Ìwé tí wọ́n ń fẹ́ dúró lójú kan. Àṣé tíṣà tó ń kọ́ wọn ní òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀ lọ ni.

“‘Would have’,” ni ìyá náà ń sọ, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. “Ẹni tó lè sọ ‘would have’ láìkólòlò, kí ló ń wá nídìí ọkọ́ àti àdá?”

Bí mo ṣe di tíṣà òyìnbó nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò bi mí bóyá mo mọ ìtumọ̀ ‘would have’ tí mo sọ. Mo kàn gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ wa kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni, ó sì wù mí.

Nínú ìwé gírámà tí wọ́n kó fún mi, orí kan wà tó dá lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní ‘modal verbs’: can, could, may, might, must, shall, will, àti àwọn ẹbí wọn tó kù. Ìwé náà ṣàlàyé wọn lọ rẹpẹtẹ. Mo kà á, ó rẹ̀ mí, mo bá gé e kúrú. Mo kọ ọ́ sójú pátákó pé can, lè, could, lè, may, lè, might, lè. Mo kọjú sí àwọn ọmọ, mo ní, “Ṣé ẹ rí i? Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Àwọn òyìnbó ló kàn fẹ́ràn kí nǹkan pọ̀.”

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún mi. Kò sẹ́ni tó ń féèlì iṣẹ́ mi, nítorí èmi ni mò ń kọ ìbéèrè, èmi náà ni mò ń máàkì ìdáhùn, ohun tí èmi pẹ̀lú wọn sì mọ̀ kò jura wọn lọ. Ìyá tó ni ilé ìwé rí i pé máàkì òyìnbó ń gòkè, wọ́n ní Ọlọ́run ló rán mi wá.

Ilé ìwé yìí náà ni mo ti pàdé obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní oúnjẹ sísè àti ìtọ́jú ilé. Tábìlì kan la jọ ń lò ní yàrá àwọn tíṣà. Bí àwọn ọmọ bá ti se nǹkan ní kíláàsì rẹ̀, á bu díẹ̀ wá fún mi pé kí n tọ́ ọ wò, èmi á sì máa fi gẹ̀ẹ́sì yin iyọ̀ tó wà nínú ẹ̀. Nígbà tó yá, gbogbo ilé ìwé ti mọ̀ pé a ń fẹ́ra wa, àwa náà sì jẹ́wọ́ fún ara wa.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Hẹdimásítà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n ń gbé ní Lálúpọn. Ìdílé Áńgílíkà tó ti mọ̀wé látilẹ̀ wá ni wọ́n, tí bàbá àti ìyá jọ ṣe tíṣà. Ọmọbìnrin náà sọ fún mi pé bí wọ́n bá fún bàbá òun ní káàdì ìkésíni ìgbéyàwó, bíírò pupa ni wọ́n á kọ́kọ́ ní kí wọ́n bá àwọn wá. Àwa ní tiwa, ọmọ ìjọ Kérúbù ni wá, aláṣọ funfun tí kì í wọ bàtà wọ ilé àdúrà. Ní ilé wa, ẹni tó bá ti lè ka Bíbélì láìdúró, ọ̀mọ̀wé ni.

Nígbà tí a gba ìsinmi, ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà bímọ ní Ìlọrin, ọmọbìnrin náà sì fẹ́ lọ bá wọn tọ́jú ọmọ. A ti jọ sọ ọ́ pé kí n lọ fojú ara mi han bàbá rẹ̀ lásìkò ìsinmi yẹn. Ó dúró tì mí níbi tí a ti ń wọ ọkọ̀, ó ń kìlọ̀ fún mi.

“Bí o bá ti débẹ̀, Yorùbá ni kí o sọ o. Dọ̀bálẹ̀, kí wọn dáadáa, sọ ilé tí o ti wá, kí o sì sọ pé àwọn èèyàn rẹ ń bọ̀ wá kí wọn. Má fi nǹkan kan kún un.”

“Tíṣà òyìnbó ni mí,” mo sọ fún un.

“Ìdí tí mo ṣe ń kìlọ̀ fún ọ nìyẹn.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà á kí bàbá rẹ̀ má baà fẹ́ràn mi ju òun lọ.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo wẹ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gígùn, mo so táì pupa kan tí mo yá lọ́wọ́ tíṣà ìṣirò mọ́ ọrùn. Mo wọ bọ́ọ̀sì ní Olódò. Obìnrin kan tó gbé agbọ̀n ata dání ló jókòó tì mí. Kí a tó dé Lálúpọn, ata ti bá táì mi dọ́rẹ̀ẹ́, imú mi sì ń ṣomi. Gbogbo ọ̀nà ni mò ń kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ lẹ́nu jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Mo bá bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé wọn, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn. Bíírò pupa wà létí wọn lóòótọ́. Mo gbé búrẹ́dì àti mílíìkì tí mo rà sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Táì náà kọ́kọ́ dé ilẹ̀ kí èmi tó dé ibẹ̀.

“Dìde, ọmọ mi,” ni bàbá wí. “Ta ni mo rí un?”

Mo fi gẹ̀ẹ́sì dá wọn lóhùn pé èmi ni ọ̀rẹ́ ọmọ wọn. Wọ́n bi mí ní Yorùbá pé ìlú wo ni mo ti wá. Mo tún fi gẹ̀ẹ́sì dá wọn lóhùn. Bàbá bọ́ jígí ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún gbé e wọ̀, wọ́n wá yí sí òyìnbó. Òyìnbó wọn ṣe geere, bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Wọ́n bi mí pé kí ni mo bá wá.

Mo tọ́ ara mi dúró. “Sir, can I marry your daughter?”

Bàbá wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. “I suppose you can,” ni wọ́n wí. “You look healthy.”

Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín jáde. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

“But you may not,” ni wọ́n fi kún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí nínú orí mi. May, lè. Not, má. Nítorí náà, bàbá ní mo lè má fẹ́ ọmọ àwọn. Ẹni tó bá sì lè má fẹ́ ẹ, òun náà ló tún lè fẹ́ ẹ. Ó túmọ̀ sí pé bàbá ti fi gbogbo rẹ̀ sọ́wọ́ mi: bí ó bá wù mí, kí n fẹ́ ẹ, bí kò bá wù mí, kí n má fẹ́ ẹ, àwọn ò ní bínú. Irú bàbá wo ló nírẹ̀lẹ̀ tó báyìí!

“Thank you, sir! Thank you very much, sir!” Mo tún dọ̀bálẹ̀.

Bàbá wò mí bí ẹni tó rí ewúrẹ́ tó wọ bàtà. Wọ́n nawọ́ sí búrẹ́dì, wọ́n ní kí n máa gbé e lọ. Mo rò pé ẹ̀mí ọ̀làwọ́ ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Mo fi búrẹ́dì náà sílẹ̀, mo sì sáré lọ bá bọ́ọ̀sì kí wọ́n má baà dá a padà fún mi.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọbìnrin náà ti pè mí láti Ìlọrin.

“Kí ni bàbá mi sọ?”

“Wọ́n ní ọwọ́ mi ló wà.”

“Bàbá mi? Bàbá tèmi?”

“Wọ́n tún ní ara mi le.”

Mo ń gbọ́ ohùn ọmọ jòjòló tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀. “Èdè wo lẹ jọ sọ?”

“Ọ̀rọ̀ yé ara wa,” mo dá a lóhùn, mo sì yáa bi í bí ìyá ọmọ ṣe ń ṣe.

Bí mo bá dúró síbẹ̀ ni, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n mo wọ ọkọ̀ lọ sí abúlé wa lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún ìyá mi àti àbúrò bàbá mi pé àwọn àna ti gbà. Bàbá mi ti di olóògbé, àbúrò wọn yìí ló tọ́ mi dàgbà. Olórí akọrin ni wọ́n nínú ìjọ wa, ohùn wọn kì í fẹ́ kí ó parí sínú ilé. Ìyá mi nìkan ló bi mí lẹ́ẹ̀kejì.

“Ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n sọ dáadáa?”

“Ìyá mi, òyìnbó ni wọ́n sọ. Òyìnbó sì niṣẹ́ mi.”

Ìyá mi ò tún bi mí mọ́. Ta ló máa bi tíṣà òyìnbó bóyá ó gbọ́ òyìnbó?

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di tẹbí-tará nìyẹn. Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n gba bọ́ọ̀sì ìjọ. Wọ́n kó iṣu sí i, wọ́n kó gàrí, wọ́n kó ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Àwọn ìyá ìjọ wọ funfun báláú, wọ́n kọrin láti abúlé wa títí tí a fi já sí Lálúpọn, àbúrò bàbá mi ló sì ń dá a fún wọn. Mo jókòó síwájú, mò ń fi ọ̀nà han awakọ̀ bí ọkọ ìyàwó.

Nígbà tí a débẹ̀, bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan lé àpótí, wọ́n ń gé èékánná. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí aláṣọ funfun tó ń ti inú ọkọ̀ bọ́ọ́lẹ̀, tí wọn ò tán. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Àbúrò bàbá mi gbé ohùn akọrin sókè.

“Bàbá wa, a kí yín o! A ò bá nǹkan mìíràn wá, ọpẹ́ la mú wá. Ẹ ṣeun tí ẹ fún ọmọ wa láyè láti fẹ́ ọmọ yín. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín!”

“Àmín!” ni gbogbo bọ́ọ̀sì dáhùn.

Bàbá ṣì mú abẹ tí wọ́n fi ń gé èékánná lọ́wọ́. “Ta ló fún un láyè?”

“Ẹ̀yin náà ni o, bàbá.”

Bàbá wá mí kiri láàárín aláṣọ funfun títí wọ́n fi rí mi. Wọ́n fi gẹ̀ẹ́sì bi mí pé kí ni àwọn sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo wá. Mo ní, “You said I may not, sir.”

“And what does it mean?”

“Ó túmọ̀ sí pé...” Òyìnbó ti sá lẹ́nu mi nígbà náà. “Ó túmọ̀ sí pé mo lè fẹ́ ẹ, mo sì lè má fẹ́ ẹ, sà.”

Ẹni tó ń lọ ẹ̀gẹ́ ní ilé kejì pa ẹ̀rọ rẹ̀ kó lè gbọ́. Ìgbà yẹn ni ìyá àna mi jáde láti ẹ̀yìn ilé, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ wọn títí dé ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n wo èrò, wọ́n wo ọkọ wọn.

“Bàbá, ẹ bá wọn sọ Yorùbá,” ni wọ́n wí. “A ò sí ní kíláàsì.”

Bàbá gbé abẹ náà sílẹ̀. Wọ́n kọjú sí àbúrò bàbá mi, wọ́n sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. “Ọmọ yín wá síbí pẹ̀lú táì, ó fi gẹ̀ẹ́sì bi mí bóyá òun lágbára àtifẹ́ ọmọ mi. Mo ní ó lágbára. Mo wá sọ fún un pé n kò fún un láyè, nítorí n kò mọ̀ ọ́n, n kò mọ ilé rẹ̀, kò sì dárúkọ ẹnì kan fún mi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì sá lọ.”

Àbúrò bàbá mi rọra sún mọ́ mi. Wọ́n gbìyànjú láti sọ ọ́ sí mi létí, ṣùgbọ́n mo ti sọ bí ohùn wọn ṣe rí.

“Ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ ‘rárá’ ní òyìnbó nìyẹn?”

“Ọ̀kan nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ọ́ ni, sà.”

“Kí wá ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an?” ni bàbá bèèrè.

Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má dáhùn, ṣùgbọ́n àbúrò bàbá mi rò pé ibi tí ògo wa wà nìyẹn. “Tíṣà ni, bàbá! Òyìnbó ló ń kọ́ wọn!”

Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. “Òyìnbó!” Ìyá àna mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di òpó ilé mú, ìyẹ̀fun sì ń dà sílẹ̀. Ìyá mi tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí bàbá máa fi sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ti ń gbọn ẹnu tiwọn náà.

“Ẹ jókòó, gbogbo yín. N kò mọ ilé rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo ti mọ̀ ọ́n báyìí, ẹ̀yin náà nìyí. Ẹbí tó lè kó ara wọn jọ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ̀ fún wọn, ìwà wọn ò lè burú.”

Wọ́n gbé omi fún wa, wọ́n gbé àkàrà òyìnbó tí ìyá ń ṣe lọ́wọ́ jáde. Àwọn ìyá ìjọ gbàdúrà sí ilé náà. Kí a tó lọ, bàbá pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ní àwọn á rò ó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ ò ní wọ inú ẹbí àwọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ ní gbogbo Sátidé pẹ̀lú bíírò àti ìwé.

Ọmọbìnrin náà pè mí láti Ìlọrin ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyá rẹ̀ ti ròyìn fún un. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan, ẹ̀rín nìkan ni mò ń gbọ́, títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi gba fóònù tó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àna wa,” tí òun náà tún bú sẹ́rìn-ín.

Báyìí ni mo ṣe padà di ọmọ ilé ìwé. Orí àpótí kékeré kan ni mò ń jókòó sí, bàbá á wà lórí àga. Nígbà tí obìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ dé láti Ìlọrin, á máa gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá lọ kọjá bọ̀ láìnídìí, pẹ̀lú abọ́ tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, kó ṣáà lè rí mi.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ láti orí ‘can’. Wọ́n nawọ́ sí igi àgbọn kan lẹ́yìn ògiri, wọ́n ní, “Can you climb that tree?”

“Yes, sir,” mo wí. Ọmọ abúlé ni mí. Mo ti ń bọ́ bàtà.

“Dúró! Mo bi ọ́ ni, n kò rán ọ. May you climb it?”

Mo wo igi náà. “Yes, sir?”

“Igi aládùúgbò ni!” Bàbá fi ọwọ́ lu itan. “O ní agbára àtigùn ún, ìyẹn ni ‘can’. Ṣùgbọ́n ta ló fún ọ láyè? Ìyẹn ni ‘may’. Òyìnbó ya agbára sọ́tọ̀ kúrò lára àyè. Ìwọ lo lọ dà wọ́n pọ̀ sójú pátákó.”

Mo wo igi àgbọn yẹn, ohun tí mo ti bi bàbá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi. Mo ti dúró níwájú ẹni tó bí ọmọ, mo fi táì bọrùn, mo bi wọ́n bóyá ara mi le tó. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé bàtà mi wọ̀.

Lọ́jọ́ mìíràn, ‘must’ àti ‘need’ ló kàn. Bàbá ní, “Bí mo bá ní ‘You must not come tomorrow’, kí ni mo sọ?”

“Ẹ ní kí n má wá, sà.”

“Bí mo bá ní ‘You need not come’ ńkọ́?”

“Ẹ ní... kí n má wá, sà.”

“Bí o bá wá lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, màá lé ọ. Bí o bá wá lẹ́yìn ti èkejì, ìyá á fún ọ lóúnjẹ. Kò di dandan kí o wá ni mo sọ, n kò ní kí o má wá.”

Mo ní ìyàtọ̀ náà yé mi, pàápàá ibi oúnjẹ. Bàbá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n má baà rí ẹ̀rín wọn, ṣùgbọ́n mo rí i.

Nígbà tí ilé ìwé wọlé, mo dúró níwájú àwọn ọmọ tí mo ti kọ́ ní ‘lè, lè, lè, lè’. Mo fẹ́ sọ òótọ́ fún wọn. Ẹnu mi ló yí i padà. Mo ní àwọn òyìnbó ti tún àwọn ọ̀rọ̀ kan ṣe lásìkò ìsinmi, kí wọ́n pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá àwọn òyìnbó tún lè yí i padà lásìkò Kérésì. Mo ní ó ṣeé ṣe. Obìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ gbọ́ ohun tí mo sọ láti ojú fèrèsé, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà jẹ mí níyà fún gbogbo tọ́ọ̀mù yẹn.

Bàbá gbà níkẹyìn. Àwọn èèyàn mi tún wá, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ìwé tí wọ́n fi pè wọ́n, a sì mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìjọ Áńgílíkà ní Lálúpọn la ti ṣe é, òyìnbó sì ni bàbá ní kí àlùfáà fi ṣe é, nítorí àwọn òbí tiwọn náà ṣe é bẹ́ẹ̀.

Nígbà náà, ẹ̀kọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni ti ‘shall’ àti ‘will’. Bàbá ti kọ́ mi pé láyé ìgbà tiwọn, bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ‘I shall’ ni fún ohun tó ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀ lásán, ‘I will’ sì ni fún ohun tí ó fúnra rẹ̀ pinnu. ‘I shall grow old’: kò sí ọwọ́ mi níbẹ̀. ‘I will eat this yam’: èmi ni mo fẹ́ jẹ ẹ́. Ẹ̀kọ́ yìí wọ̀ mí lára ju gbogbo ìyókù lọ. Ìwé tí wọ́n tẹ ètò ìsìn sí wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n òógùn ti rẹ ẹ́ débi pé mi ò lè kà á mọ́.

Àlùfáà bi mí bóyá mo máa fẹ́ obìnrin yìí, kí n tọ́jú rẹ̀, kí n bọ̀wọ̀ fún un. Mo ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló yẹ kó jáde. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ṣé ìgbéyàwó yìí jẹ́ ohun tó ń bọ̀ wá bá mi ni, àbí ohun tí mo pinnu? Mo pinnu rẹ̀, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n bí mo bá wo gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀, láti orí ìyá tó ni ilé ìwé títí dé orí bọ́ọ̀sì ìjọ wa, ṣé mo lè fi ọwọ́ sọ àyà pé èmi ni mo ṣètò ẹ̀? Bàbá jókòó síwájú gan-an. Mi ò fẹ́ ṣì í lójú wọn.

Fáànù òkè nìkan ló ń dún. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ Ọlọ́run bí a ṣe ń pè é ní ìjọ tiwa, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Àwọn Áńgílíkà ń wẹ̀yìn. Ìyàwó mi gbé ojú sókè sábẹ́ ìbòrí rẹ̀.

“Ṣé o ò fẹ́ mi mọ́ ni?”

“‘Shall’ ni àbí ‘will’?” mo sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ó di ojú. Nígbà tó là á, kò sọ tirẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. “‘Will’ ni o! ‘Will’!”

“I will!” Mo pariwo bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́.

Ẹ̀rín sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà débi pé àlùfáà ní láti gbé Bíbélì bo ojú. Àbúrò bàbá mi ní tiwọn ti dá orin ọpẹ́, wọ́n rò pé àdúrà ìyá mi ló ṣí mi lẹ́nu. Nígbà tí a jáde síta tí wọ́n ń yà wá ní fọ́tò, bàbá wá dúró tì mí. Wọ́n tún táì mi ṣe.

“Ìbéèrè tó dára ni o bi,” ni wọ́n wí. “Ibi tí o ti bi í ni kò dára.”

A ti bí ọmọ báyìí, a sì kó lọ sí Olódò, kí ó lè sún mọ́ ilé ìwé. Èmi ṣì ni mò ń kọ́ wọn ní òyìnbó. Mo ti lọ gba ìwé ẹ̀rí lórí òyìnbó gan-an, ẹ̀kọ́ òpin ọ̀sẹ̀ ni mo fi gbà á, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ṣì máa ń yẹ ohun tí mo fẹ́ kọ sójú pátákó wò, ó sì máa ń rí nǹkan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ wá bá mi ní yàrá àwọn tíṣà. Wọ́n ti sọ fún un pé èmi ni baba gírámà níbẹ̀. Ó ní, “Sà, ẹ jọ̀ọ́, ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín ‘ought to’ àti ‘should’?” Ó mú bíírò dání, ó ń dúró dè mí. Mo mi orí bí àgbà. Mo ní fóònù kan ń dún lápò mi, mo sì jáde síta.

Mo pe Lálúpọn. Ìyá àna mi ló gbé e.

“Bàbá ń sùn. Ṣé kò sí o?”

“Kò sí, mà. ‘Ought to’ ni.”

“Ṣé kí n jí wọn nítorí ẹ̀?”

“Ẹ má jí wọn, mà.”

Wọ́n kí mi, wọ́n bèèrè ọmọ, wọ́n pa fóònù. Mo wẹ̀yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣì ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú bíírò rẹ̀. Mo gbé fóònù padà sétí, mo dúró sábẹ́ igi fúrúùtù, mò ń sọ “Bẹ́ẹ̀ ni, sà... bẹ́ẹ̀ ni, sà” sí ẹni tí kò sí níbẹ̀, títí agogo ìwọlé fi lù.